Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Àdìrẹ Ni Bátíìkì Ilẹ̀ Indonéṣíà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọkọ àbúrò mi mú aṣọ bátíìkì kan bọ̀ láti Indonéṣíà. Ìyá wa, tó ti pa aró rí, ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹnikẹ́ni ló sì lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀? (Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Màmá kò jìnnà sí òótọ́, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí aṣọ méjèèjì: ohun tí kò ní jẹ́ kí aró wọlé ni wọ́n fi ń ya ọnà sí i kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn aládìrẹ wa ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà. Ìda gbígbóná ni àwọn obìnrin Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, ń lò, láti inú ife bàbà kékeré ọlọ́fun tóóró tí wọ́n ń pè ní canting. Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ni a ń fi ẹ̀kọ yà, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ máa ń dúdú ju iwájú lọ. Ṣùgbọ́n tojú tẹ̀yìn ni wọ́n ń fi ìda ya ojúlówó bátíìkì afọwọ́yà, tí ọnà rẹ̀ fi ń hàn ketekete níhà méjèèjì. Bí ọnà ẹ̀yìn bá ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kí ọkọ àbúrò yín má bínú.

Ní ti wíwọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́ níbẹ̀, bátíìkì sì ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ àti síbi ìgbéyàwó. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní Yogyakarta àti Surakarta, tí í ṣe ìlú ọba, àwọ̀ ilẹ̀, aró àti funfun ló gbilẹ̀. Ní Pekalongan létí òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò àjèjì ti ń gúnlẹ̀, òdòdó aláwọ̀ mèremère ni wọ́n ń yà. Láyé àtijọ́, ààfin Yogyakarta fòfin de ọnà parang, tí ìlà rẹ̀ dagun gba ara aṣọ kọjá, fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba. Ẹni tó bá ń lọ sí ààfin náà lónìí, kó fi parang sílẹ̀ nílé.

Ẹ sì sọ fún Màmá pé ìbátan bátíìkì ni ankara: ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn ará Holland fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀ láti tà á ní Java, ṣùgbọ́n àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná fọ aṣọ yín, ẹ sì sá a sí ibòòji.