"WOLA 98.6 FM" kò lè wà ní Houston

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ eré kan nípa ọmọ Yorùbá tó ń ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Houston. Ọlá lorúkọ rẹ̀, mo wá sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní "WOLA 98.6 FM". Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé níbẹ̀ ní irọ́ hàn lára orúkọ yẹn. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́. Odò Mississippi ni wọ́n fi pààlà lẹ́tà rédíò, ìyẹn lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń jórúkọ, ní Amẹ́ríkà. Níhà ìlà oòrùn, W ló ń ṣíwájú. Níhà ìwọ̀ oòrùn tí Houston wà, K ni. Àwọn tó ń kọ eré lọ́hùn-ún kì í ṣì í. WKRP, rédíò inú eré tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, Cincinnati níhà ìlà oòrùn ni wọ́n fi í sí. KACL, níbi tí Frasier inú eré tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Frasier ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn, Seattle níhà ìwọ̀ oòrùn ni. Ẹ lè rí WBAP ní Fort Worth àti WOAI ní San Antonio, ní Texas kan náà. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Láti 1922 ni wọ́n ti wà, kí ààlà tó sún dé etí odò lọ́dún 1923.

98.6 yẹn ló tiẹ̀ kọ́kọ́ tú àṣírí. Lórí FM Amẹ́ríkà, 1, 3, 5, 7 tàbí 9 nìkan ló ń tẹ̀ lé póìntì.

Ẹ lè ní kí ẹ kúkú fi K rọ́pò W, kó di KOLA. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó, torí Kọ́lá ni yóò dà lẹ́nu wa! Àmọ́ KOLA wà lóòótọ́, lórí 99.9 FM ní San Bernardino, California. Ẹ ṣe bíi tàwọn tó dá Frasier sílẹ̀: Angell, Casey àti Lee ni A, C, L inú KACL. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta látinú orúkọ àwọn èèyàn yín, ẹ fi K ṣíwájú wọn, kí ẹ wá a wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkójọ FCC, àjọ tó ń pín lẹ́tà náà, bóyá ẹnì kan ti gbà á.

Ó ku kinní kan. Tí aago bá ti lù, òfin ní kí wọ́n pe lẹ́tà náà, kí orúkọ ìlú sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Ọlá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré: orin ń lọ sílẹ̀, ó pe lẹ́tà mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní "Houston", lẹ́yìn náà ló wá kí àwọn olùgbọ́ pé ẹ káàárọ̀ o.