Ohun tí ojú mi rí ní Lungi, fún àbúrò tó pe àwọn ará Tọ́kì ní ọ̀dàlẹ̀

Àbúrò, o ní ọ̀dàlẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó bá gba ọ̀rẹ́ láàyè láti kó sójà sílẹ̀ òun, tó wá ń kọ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ náà fẹ́ ti ibẹ̀ gbógun lọ bá ẹlòmíì. Tọ́kì lo fi ṣe àpẹẹrẹ, bí wọ́n ṣe já Amẹ́ríkà kulẹ̀ lórí ogun Ìráàkì lọ́dún 2003. Mi ò bá ọ gbà á rárá, kì í sì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ sójà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì wá jókòó sí Àkúrẹ́ níbí. Mo wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ sí Lungi, nílẹ̀ Sàró (Sierra Leone), nígbà ogun Làìbéríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn àwọn sójà tí ECOWAS kó jọ láti pẹ̀tù sí ogun náà, wọ Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Freetown, olú ìlú Sàró, ni wọ́n sì ti wọkọ̀ ojú omi lọ. Òdìkejì omi sí Freetown ni Lungi wà, ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú wọn. Joseph Momoh tó jẹ́ ààrẹ Sàró gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Láti Lungi yẹn ni bàlúù Alpha Jet tiwa ti ń gbéra lọ ju bọ́ǹbù sáwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Làìbéríà.

Bàlúù ogun kì í gbéra jẹ́jẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, gbogbo páànù ilé tó wà nítòsí á máa gbọ̀n rìrì, ewúrẹ́ á fọ́n ká, ọmọ ọwọ́ á figbe ta. Ìyá kan wà tó ń ta ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ọ̀dùnkún fún wa lẹ́nu géètì. Bí bàlúù bá ti ń lọ, ìyá yìí á gbé ìgbakọ sílẹ̀, á ka iye tó lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, á tún kà wọ́n. Mo bi í léèrè ìdí. Ó dá mi lóhùn ní Krio, èdè wọn níbẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ń lọ ba ilé onílé jẹ́, onílé sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti wá. Tó bá fẹ́ gbẹ̀san, ṣé Èkó ló máa lọ ni? Àwa la wà nítòsí.”

Taylor náà ò fi bò. Ó halẹ̀ lórí rédíò pé Sàró máa tọ́ ìkorò ogun wò, torí pé wọ́n gba ECOMOG láàyè. Ní March 23, 1991, àwọn ọmọ ogun RUF, ọlọ̀tẹ̀ Sàró tí Taylor ń tì lẹ́yìn, gba ẹnu ibodè Làìbéríà wọlé, wọ́n kọlu Bomaru ní agbègbè Kailahun. N kò ní purọ́ fún ọ pé Lungi nìkan ló fa ogun yẹn. Ìjọba wọn ti rà, dáyámọ́ńdì wà ńlẹ̀ tí olè ń wò, iṣẹ́ ò sí fáwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n Lungi ni àwíjàre tí Taylor ń rí tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n bá rán wa lọ kó ẹrù ní Freetown, a máa ń bá àwọn ogúnléndé ní èbúté Kissy. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó ru ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sórí, ilẹ̀kùn onígi gidi, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sun ìyókù.

Ní April 1992, àwọn sójà kéékèèké tó ti ojú ogun bọ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Momoh. Ogun náà ò sì parí títí di January 2002. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n 50 ọdún fún Taylor ní 2012 lórí ohun tó ṣe ní Sàró. Àwa ní tiwa kó ẹrù wa, a padà sílé. Nàìjíríà pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọ nínú ìjà náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi wà nínú wọn, mi ò lè fojú kéré ikú wọn. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá sun ilé kankan ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, ní Àkúrẹ́ níbí, nítorí ohun tí bàlúù wa ṣe.

Ìdí nìyí tí mi ò fi yára pe ẹni tó kọ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Wo ọ̀rọ̀ Líbíyà ní April 1986. Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fẹ́ ju bọ́ǹbù sí Tripoli àti Benghazi. Faransé àti Sípéènì ní bàlúù rẹ̀ ò gbọdọ̀ gba òfurufú àwọn kọjá. Thatcher, olórí ìjọba Ìlú Ọba, gbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàlúù ogun F-111 ti Amẹ́ríkà ṣe gbéra ní Lakenheath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n yí gba ojú òkun títí dé ẹnu Gibraltar. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi rí òkú àwọn olùkọ́ méjì, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti jí gbé ní Lebanon. Àwọn tó pa wọ́n ní ẹ̀san Líbíyà làwọn gbà. Olùkọ́ ni wọ́n o, wọn ò mọ bí bàlúù ṣe ń gbéra.

Àwọn àgbà tiwa náà sì ti kọ irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Balewa bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò tó máa jẹ́ kí bàlúù ogun wọn máa lo òfurufú wa. Awólọ́wọ̀ àti Action Group tako ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ ní Èkó ní November 1960, wọ́n sì fagi lé àdéhùn náà ní January 1962. Nígbà tí ECOWAS tún ń sọ̀rọ̀ ogun sí Niger ní 2023, àwọn aṣòfin Àríwá ló kọ́kọ́ pariwo, torí pé ìpínlẹ̀ wọn méje ló bá Niger pààlà. Wọn ò fẹ́ràn àwọn tó gbàjọba ní Niamey. Wọ́n kàn mọ ilé ta ni ogun máa kọ́kọ́ dé ni.

Ó wá ku Tọ́kì tìẹ. Ní March 1, 2003, àwọn aṣòfin wọn dìbò: 264 ní kí Amẹ́ríkà wá, 250 ní rárá, 19 ò sọ̀kan. Àwọn tó gbà ò tó ìdajì àwọn tó jókòó, ni ọ̀rọ̀ náà fi ṣubú, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tó kó irinṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà ti ń dúró lójú òkun wọn. Inú bí Washington gan-an. Ṣùgbọ́n Tọ́kì ò kúrò nínú NATO, ẹgbẹ́ ààbò tóun àti Amẹ́ríkà jọ wà, ibùdó bàlúù ogun Incirlik tí Amẹ́ríkà ń lò ní Tọ́kì ò sì kógbá sílé. Ní July 2015, bọ́ǹbù pa èèyàn tó lé ní 30 ní Suruç, nínú Tọ́kì fúnra rẹ̀, àwọn agbésùnmọ̀mí ISIS ni wọ́n sì tọ́ka sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbà kí bàlúù Amẹ́ríkà máa ti Incirlik gbéra lọ bá ISIS jà.