Báwo ni mo ṣe lè mọ sípíríǹgì tó yẹ ọ̀kadà motocross mi, èyí tí a fi ń sáré ìje lórí ilẹ̀ gbágungbàgun?

Ìwọ̀n ara ẹni tó ń gùn ún, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wọ̀ sọ́rùn, ni a fi ń yan líle sípíríǹgì. Àṣíborí, bàtà ńlá àti àpò omi tí ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn kì í ṣe ẹrù kékeré, nítorí náà ẹ wọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gun òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ẹ ó ti dán an wò. Ẹ gbé e sókè kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn ọ̀nà láti ojú ibi tí wọ́n ti de táyà náà dé àmì kan lára ike tó wà lókè rẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jókòó lé e, kí ẹnì kan tún un wọ̀n. Fún ọ̀kadà àgbàlagbà, ó yẹ kó wálẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 100 sí 105. Òrùka orí sípíríǹgì ni ẹ ó máa yí títí yóò fi débẹ̀. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wo bí ọ̀kadà nìkan ṣe wálẹ̀ sí: mìlímítà 30 sí 40 ló dára.

Ibí yìí ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí bí ọ̀kadà nìkan ṣe wálẹ̀ bá dín sí 30 dáadáa, sípíríǹgì náà rọ̀ jù ni, torí ẹ ti fi òrùka náà fún un pọ̀ gan-an kó tó lè gbé yín. Bí ó bá fi púpọ̀ ju 40 lọ, ó le jù.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ẹ̀yìn, ẹ yẹ ti iwájú wò pẹ̀lú. Iye yìí kò bá ọ̀kadà ọmọdé mu, nítorí sọ́kì tirẹ̀ kúrú.