Jagunjagun Kan Ń Dá Gbogbo Ìjà Jà: Kí Ni Olùdarí Eré Yóò Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni olùdarí eré fún àwọn mẹ́rin tó ń ṣe Dungeons & Dragons, ẹ̀dà 2014, eré orí tábìlì tí a ń fi ìtàn àti dáìsì ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ń lo jagunjagun ìpele 7 tí Ààbò rẹ̀ (iye tí ìkọlù ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) jẹ́ 23, ọ̀tá kì í sì í rí i ṣe. Àwọn mẹ́ta yòókù ti di òǹwòran. Nígbà tí mo fi kún agbára ọ̀tá, oṣó wọn ló kú, jagunjagun ò tiẹ̀ fara pa. Ṣé kí n wá ọ̀nà gba asà idán tí mo fún un ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi asà náà sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó pa oṣó. Ọ̀tá tó ní +11 lórí ìkọlù (ó ń fi 11 kún ohun tí dáìsì bá mú wá) gbọ́dọ̀ rí 12, ó kéré tán, lórí dáìsì olójú 20 kó tó ba ẹni tí Ààbò rẹ̀ jẹ́ 23. Ojú 9 nínú 20 nìyẹn. Bí ọ̀tá kan náà bá kọjú sí oṣó tí Ààbò rẹ̀ jẹ́ 14, 3 péré ti tó o: ojú 18 nínú 20. Gbogbo agbára tí ẹ bá fi kún ọ̀tá nítorí jagunjagun, orí àwọn tí ò ní asà ló máa bọ́ lé.

Ẹ gba ìwé ẹ̀dá ìtàn jagunjagun náà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, kí ẹ jọ ka nọ́ńbà náà. Ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara jẹ́ 18, asà lásán 2, idán ara asà 2, ìlànà ìjà ìdáàbòbò 1: 23 pé. Bí tirẹ̀ bá ti ibòmíràn wá, ẹ wò ó dáadáa. Ohun idán tó gba attunement (kí ẹni tó ń lò ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn) kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ lára ẹnì kan. Ọfọ̀ tó gba concentration (kí apọfọ̀ pọkàn pọ̀ sí i kó má bàa dáwọ́ dúró), ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan.

Bí ìṣirò bá pé, ẹ rántí pé Ààbò 23 kò dí ọfọ̀ tó ń béèrè pé kí ẹni ju dáìsì, kó fi Ọgbọ́n rẹ̀ kún un, kó fi já ara rẹ̀ gbà. Okun àti Ìlera ni iṣẹ́ jagunjagun fi ń ràn án lọ́wọ́, Ọgbọ́n ò sí níbẹ̀. Bí Ọgbọ́n rẹ̀ bá jẹ́ +0, tí ọfọ̀ náà sì ń béèrè 14, ojú 13 nínú 20 ni yóò fi kùnà. Oògùn yìí le o! Ẹ má lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìjà mẹ́ta. Bí gbogbo ọ̀tá bá ṣàdédé di apọfọ̀, ẹni náà á mọ̀ pé òun lẹ dojú kọ. Nínú àwọn ìjà yòókù, ẹ kó tafàtafà mẹ́wàá tó ní +4 bá a: 19 àti 20 nìkan ló lè bà á, ìyẹn bí ọfà kan nínú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Ohun tó torí ẹ̀ gbé asà nìyẹn.

Ohun tó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù lọ kò sí nínú nọ́ńbà rárá. Ẹ pín ìjà sójú méjì. Ẹsẹ̀ bàtà 30 ni jagunjagun ń rìn ní ìyípo kan (ìgbà tí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan), 60 bó bá fi ìkọlù sílẹ̀ tó sáré. Ẹ fi ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fẹ́ pa sí ẹsẹ̀ bàtà 120 síbi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀kùn títì wà láàárín, kí olórí ọ̀tá sì máa pe ọfọ̀ tí yóò parí ní ìyípo kẹrin. Jagunjagun á dí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣí àgádágodo á dojú kọ ilẹ̀kùn, oṣó á máa wá bí yóò ṣe dá ọfọ̀ dúró. Ẹ tún fi ọ̀tá kékeré mẹ́fà rọ́pò òmìrán kan. Òmìrán á kàn máa ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí àwọn mẹ́rin bá ti ṣe tiwọn, jagunjagun nìkan sì lè dá a dúró síwájú ara rẹ̀. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́fà.

Ní ti asà, bí ẹ bá ní kí olè jí i nínú ìtàn, gbogbo tábìlì á mọ ẹni tó rán olè náà. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ń fà fáwọn yòókù, kí ẹ bi í bóyá á fẹ́ pààrọ̀. Bó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ohun idán mẹ́ta tó ń bọ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ni kó kàn.

ÌBÉÈRÈ: Ní tiwa, oṣó ló ń dá gbogbo ìjà jà. Ó ń ná gbogbo ọfọ̀ ńlá rẹ̀ tán nínú ìjà kan, gbogbo ẹgbẹ́ á sì lọ sùn kí ọfọ̀ rẹ̀ lè padà.

ÌDÁHÙN: Oorun ni kí ẹ tún ṣe. Wákàtí 8 ni ìsinmi gígùn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn sì lè jèrè rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ìwé olùdarí ti 2014 ka ìjà 6 sí 8, èyí tó mọ níwọ̀n tàbí tó le, sí ohun tí ẹgbẹ́ lè fara dà lóòjọ́. Mẹ́ta máa ń tó, bí oṣó ò bá ṣáà ti mọ èyí tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sùn, kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹni tí wọ́n ń lé ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó dùbúlẹ̀.