Mọ́tò tó dẹnu kọlẹ̀ síwájú géètì: ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ibi tá a ń páàkì ẹ̀ sí ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín. Mo mú mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayálégbé ni mí ní Phase 4, Kubwa. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí Camry mi ti dẹnu kọlẹ̀, ẹ́ńjìnì ló kú, owó tí mo fẹ́ fi ṣe é ni mo fi san owó sukúù àwọn ọmọ. Ayálégbé mẹ́fà ni wá, mọ́tò mẹ́ta péré ni kọ́ńpáùndì gbà, mo wá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì níta. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti kọ lẹ́tà sí mi pé tí n ò bá gbé e kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n máa fi ṣéènì dè é, màá sì san ₦20,000. Lándìlọ́ọ̀dù mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé iwájú ilé òun ni, òun lòun ni ín. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Owó sukúù ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ tara ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí lándìlọ́ọ̀dù sọ fún ẹ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Abuja níbí, kódà ilẹ̀ tí ilé ẹ̀ dúró lé kì í ṣe tiẹ̀ tán porogodo. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 297, sọ ọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn Abuja àti agbègbè ẹ̀, àṣẹ láti lo ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni wọ́n ń fún onílé, ọdún 99 ló sì sábà máa ń jẹ́. Àṣẹ ọ̀hún ní ààlà, ibi tí àwọn sọ̀fíò ri bíkìnnì, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì ààlà, mọ́ ló parí sí. Láti ìdí bíkìnnì dé ẹnu títì, ibẹ̀ ni gọ́tà ń gbà, ibẹ̀ ni páìpù omi àti wáyà iná ń gbà, ti gbogbo ìlú ni. Lándìlọ́ọ̀dù ẹ ò lè fi ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ ta ẹ́ lọ́rẹ.

Ìyẹn ò wá ní ká sọ ẹgbẹ́ onílé di ìjọba o. Ká ní inú ẹ́sítéètì tó ní géètì lò ń gbé ni, tó o sì ti fọwọ́ sí ìwé òfin ibẹ̀ nígbà tó ò ń kó wọlé, àdéhùn nìyẹn, wọ́n lè fi mú ẹ. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó ṣí sílẹ̀ bíi tiyín, tí àwọn onílé kàn kóra jọ torí owó ọdẹ àti iná títì, níbo ni wọ́n ti rí àṣẹ láti bu owó ìtanràn lé èèyàn? Lọ wo ágírímẹ́ǹtì ilé ẹ ṣá, torí àwọn lándìlọ́ọ̀dù kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayálégbé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin àdúgbò. Àwọn VIO pàápàá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ mọ́tò wò, tí wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, 2 October 2024 ni Adájọ́ Evelyn Maha ní kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja dá a pé kò sí òfin tó fún wọn lágbára láti dá mọ́tò dúró, láti gbà á lọ́wọ́ oní-ǹkan tàbí láti bu owó ìtanràn lé e. Tí kóòtù bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ti ẹgbẹ́ onílé wá ńkọ́? Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n fẹjọ́ ẹ sun Bwari Area Council, tàbí Development Control tó ń rí sí ilé kíkọ́, tàbí AEPB, àjọ tó ń rí sí àyíká l'Abuja, ìyẹn náà sì lágbára o, torí ìjọba máa ń jáde kó mọ́tò tí wọ́n pa tì, tí wọ́n bá sì gbé tìẹ lọ, owó tó o máa fi gbà á padà lè pọ̀ ju ₦20,000 tí wọ́n dá lé ẹ yẹn lọ.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, gbé mọ́tò yẹn kúrò. Má gbé e kúrò torí ìhàlẹ̀ ẹnikẹ́ni, jọ̀ọ́, gbé e kúrò torí ohun tí ojú mi rí. Lugbe ni mò ń gbé nígbà yẹn, iná ṣẹ́ láti kíṣíìnì opó kan lóru, mọ́tò panápaná dé, kò pẹ́ rárá kó tó dé, àmọ́ nígbà tó dé ẹnu títì wa kò lè wọlé. Bọ́ọ̀sì kan wà lórí búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún, pikọ́ọ̀pù kan wà lápá òsì, a ti pikọ́ọ̀pù yẹn títí, kò mì, bíréèkì ẹ̀ ti dógùn-ún mọ́ táyà. Àwa àti àwọn ọmọ àdúgbò là ń fi búkẹ́ẹ̀tì pọn omi. Ẹ̀mí kankan ò bá a lọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n yàrá méjì jó, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ obìnrin yẹn wà níbẹ̀. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, òun náà ń dúró de owó ni, bíi tìẹ.

Mọ́tò ọ̀hún gan-an ń kú sí i níbi tó wà. Oṣù mẹ́jọ nínú ọyẹ́ àti òjò, bátìrì ti lọ, táyà ti tẹ́ sápá kan, pẹtiróòlù inú táńkì ti bàjẹ́, eku á ti máa jẹ wáyà, àwọn bàbá bólà kan, àwọn tó ń ṣa irin kiri, sì wà tí wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó tú ohun tó ṣeé tú. Lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wá ẹni tó ní kọ́ńpáùndì òfìfo tí wàá máa fún ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kó o wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n kọ nọ́ḿbà ẹ́ńjìnì àti ti ṣáásì sílẹ̀, ya fọ́tò inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ títà ni, tà á báyìí kó tó di kọ́ńdẹ̀. Yọ pẹ́léètì nọ́ḿbà ẹ kúrò, kẹ́ ẹ sì ṣe ìwé àyípadà orúkọ, torí ohunkóhun tí wọ́n bá fi mọ́tò yẹn ṣe lọ́la, orúkọ tó wà nínú ìwé ni ọlọ́pàá máa wá.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, aládùúgbò wa kan ní Suleja níbí, ọmọ Ogbomoso bíi tiwa, táńkà epo ló ń wà. Tó bá ti dalẹ́, ẹ̀yìn fẹ́ǹsì wa níbi kíṣíìnì ló máa ń páàkì ẹ̀ sí. Ó ní ó ti já epo tán kó tó gbé e wálé, pé òfìfo ni. A ò fẹ́ bá ọmọ ilé wa jà.

Ẹ má fi falẹ̀ rárá. Táńkà tẹ́ ẹ̀ ń pè ní òfìfo yẹn, gáàsì epo ló kún inú ẹ̀, gáàsì yẹn ló sì máa ń yára gbaná ju epo fúnra ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé kan tó ṣáná péré ti tó. Dikko ò jìnnà sí yín, ẹ ṣáà rántí January 2025, táńkà ṣubú níbẹ̀, ó gbaná, èèyàn tó ju 80 lọ ló kú. Ẹ mú àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ogbomoso dání, ẹ lọ bá a láàárọ̀ kó tó jáde, ẹ kí i, ẹ bá a sọ ọ́ níwájú ìyàwó ẹ̀, torí òun náà ń sùn níbẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ pe road safety, 122 ni nọ́ḿbà wọn, kẹ́ ẹ sì lọ sọ fún àwọn panápaná. Ọmọ ilé yín ni lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọmọ tiyín náà ń sùn nílé yẹn.

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ ń gbé ní California, wọ́n ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ mi ní Gwarinpa fún Kérésì. Ó ní wọ́n lè wọ́ mọ́tò òun lọ tóun bá fi sílẹ̀ níwájú ilé. Ìwé mọ́tò yẹn pé o! Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, Màmá. Òfin ìpínlẹ̀ California fún àwọn ìlú láyè láti wọ́ mọ́tò tó bá dúró sójú kan ní títì fún wákàtí 72, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta, ìlú tó pọ̀ níbẹ̀ ló sì ti sọ ọ́ di òfin, ìwé ẹ̀ ì báà pé. Àwọn ìlú kan ò tiẹ̀ gbà kéèyàn páàkì sórí koríko iwájú ilé ara ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò ní gáréèjì kí wọ́n ti mọ́tò wọ ibẹ̀. Ẹlòmíì lè gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní DMV, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, pé àwọn ò ní lo mọ́tò náà fún ìgbà kan, ìyẹn ò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, torí mọ́tò tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ báyẹn kò gbọ́dọ̀ dúró ní títì rárá. Tí gáréèjì ò bá gbà á, kí wọ́n fún ọ̀rẹ́ kan ní kọ́kọ́rọ́ kó máa wà á jáde lọ́jọ́ méjì-méjì, torí tí wọ́n bá fi lè wọ́ ọ lọ, ojoojúmọ́ ni owó ibi tí wọ́n gbé e sí á máa gùn, wọn ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi padà dé.