Èsì: Mílíìkì ọmọdé tí wọ́n ń kó kúrò lọ́jà nílẹ̀ òkèèrè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Lórí mílíìkì tí ẹ rà ní Ọjà Ọba, tí ẹ gbọ́ pé wọ́n ń kó irú rẹ̀ kúrò lọ́jà ní Yúróòpù: nọ́ńbà batch (nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó wà lára agolo ni kí ẹ wò, orúkọ nìkan ò tó. Bó bá wà nínú ìkéde ilé iṣẹ́ náà, ẹ má fún ọmọ mọ́. Ẹ má sì dà á nù, ẹ̀rí ni.

Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC tó wà lára agolo náà o. Bí oúnjẹ eléwu bá ti kọjá ẹnubodè, INFOSAN, ìyẹn àjọṣe àwọn aláṣẹ ààbò oúnjẹ lágbàáyé tí WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé) dá sílẹ̀ ní 2004, ni àwọn ìjọba fi ń ta ara wọn lólobó. NAFDAC á wá fi nọ́ńbà yẹn wá ẹni tó kó o wọlé kàn. Èyí tó bá gba ojú fàyàwọ́ wọlé ńkọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ pè? (Irú rẹ̀ ni owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré jù lọ.)

Bí ẹ ò bá rí nọ́ńbà NAFDAC yẹn rárá, ẹ gbé agolo àti rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC níbí ní Òṣogbo.