Wíìlì kẹ̀kẹ́ òkè: ṣé kí n ra ti ilé iṣẹ́ ni, àbí kí n ní kí wọ́n fọwọ́ hun ún fún mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè ni mo ń gùn, ojú ọ̀nà tó kún fún òkúta àti gbòǹgbò igi ni mo sì sábà máa ń gbà. Ìwọ̀n ara mi jẹ́ kílò 104. Wíìlì oní-ínṣì 29 tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá láti ilé iṣẹ́ ni mo ṣì ń lò, sípóòkì (àwọn wáyà tó so àárín wíìlì mọ́ etí rẹ̀) 28 ló wà ní iwájú, 28 náà ló sì wà ní ẹ̀yìn. Láàárín oṣù mẹ́jọ, sípóòkì mẹ́ta ti já ní wíìlì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ti iwájú kò ṣe nǹkan kan. Àwọn kan ní kí n ra wíìlì méjì tuntun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí, àwọn mìíràn sì ní kí n wá ẹni tí yóò fọwọ́ hun ún fún mi, ìyẹn ni pé kó fọwọ́ to sípóòkì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà o. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìwọ̀n ara yín àti iye sípóòkì sínú ìbéèrè yín, nítorí orí méjèèjì ni ìdáhùn mi dúró lé. Lójú tèmi, wíìlì ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ ní kí wọ́n hun fún yín, kí ó sì jẹ́ onísípóòkì 32. Ẹ fi ti iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà. Ká ní kílò 70 ni yín, tí sípóòkì kankan kò sì tíì já, ohun mìíràn ni ǹ bá sọ fún yín, mo sì máa dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń já sípóòkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òkúta tí wọ́n fi wíìlì gbá ló ń jẹ́ kó já, tàbí pé ẹni tó tún un ṣe fà á le jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ẹ bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, àwọn sípóòkì tó wà nísàlẹ̀, lápá ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, máa ń dẹ̀ díẹ̀, bí wíìlì bá sì ti gbé wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n á tún le padà. Wíìlì 29 máa ń rin nǹkan bíi mítà 2.3 bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà, kí ẹ tó rin kìlómítà kan, sípóòkì kọ̀ọ̀kan ti dẹ̀, ó sì ti le padà, ju ìgbà 400 lọ. Èyí tí wọ́n fà le dáadáa kò ní dẹ̀ tán láéláé, ìyàtọ̀ díẹ̀ náà kò sì ní pa á lára. Ṣùgbọ́n èyí tó ti rọ̀ láti ilẹ̀ wá yóò dẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ yóò máa mì nínú ihò họ́ọ̀bù (àárín wíìlì, níbi tí sípóòkì ti bẹ̀rẹ̀), ibi tó ti tẹ̀ nítòsí orí náà yóò sì máa ṣẹ́ lọ, kí ó máa ṣẹ́ bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣẹ́ wáyà síwá sẹ́yìn títí yóò fi kán. Bí ẹ bá ṣì ní àwọn tó já lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ wọ́n wò: ibi títẹ̀ yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ti máa ń já.

Ẹ̀yìn ló ń jìyà yìí jù, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n yín wà, ibẹ̀ náà sì ni agbára ẹsẹ̀ yín ń gbà kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdìpọ̀ gíà gba àyè ní apá ọ̀tún, ó ti etí họ́ọ̀bù wọlé, nítorí náà àwọn sípóòkì ọ̀tún ní láti le ju ti òsì lọ kí rímù (òrùka tí táyà jókòó lé) tó lè dúró láàárín. Àwọn ti òsì ni wọ́n sábà máa ń tètè dẹ̀. Họ́ọ̀bù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 148, tí wọ́n ń pè ní Boost, dín ìyàtọ̀ yìí kù ju ti 142 lọ, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún etí họ́ọ̀bù láti jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Ní ti wíìlì ilé iṣẹ́, n kò ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Àwọn tó dára nínú rẹ̀ dára gan-an. Ẹni tó ṣe é ló yan rímù, họ́ọ̀bù àti sípóòkì kí wọ́n lè bára mu, ó ní ìdánilójú tí ẹ lè mú padà lọ bí nǹkan bá bàjẹ́, ó sì sábà máa ń dínwó ju kí ẹ ra àwọn ẹ̀yà kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún sanwó iṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni àwọn wíìlì olówó pọ́ọ́kú tó máa ń bá kẹ̀kẹ́ wá, tí ẹ̀rọ hun kíákíá, tí kò sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ tún un yẹ̀ wò. Rímù rẹ̀ lè gún régé, kó má mì sọ́tùn-ún sósì (èyí tí à ń pè ní jíjó) rárá, síbẹ̀ kí sípóòkì kan le, kí èkejì rẹ̀ rọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé bí wọ́n bá ń yí nípùlù (nọ́ọ̀tì kékeré tó di sípóòkì mọ́ rímù), sípóòkì fúnra rẹ̀ lè lọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí wíìlì tuntun ń dún pín-ín pín-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lílọ́ yẹn ló ń tú, wíìlì náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ fi èékánná ta àwọn sípóòkì apá òsì wíìlì ẹ̀yìn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ohùn wọn sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá dún gooro, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì dún bí ohun tó kú, ẹ ti rí ẹlẹ́bi. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kàn máa fi ẹyọ kan rọ́pò ẹyọ kan: àwọn 25 tó kù ti jọ jìyà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tó já, ó ti rẹ àwọn náà.

Wíìlì tí mo fẹ́ kí wọ́n hun fún yín nìyí. Kí sípóòkì rẹ̀ jẹ́ 32, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọjá lára mẹ́ta mìíràn kó tó dé rímù, nítorí bíréèkì dísìkì ń fi agbára lọ́ họ́ọ̀bù, sípóòkì tó lọ tààrà láìkọjá lára òmíràn kò sì yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tó nípọn mìlímítà 2.0 ní orí àti ìdí, tó sì tín-ín-rín dé 1.8 láàárín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá tóbi á fẹ́ èyí tó nípọn látòkè délẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín tó tín-ín-rín yẹn máa ń nà díẹ̀ bí ẹrù bá dé, kì í tètè dẹ̀ tán, kì í sì í jẹ́ kí gbogbo ìyà náà dá lé ibi títẹ̀. Kí nípùlù jẹ́ ti idẹ, nítorí ti alumíníọ̀mù fúyẹ́ ṣùgbọ́n ó tètè ń dípẹtà, orí rẹ̀ sì lè kán. Rímù alumíníọ̀mù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 30 yóò gba táyà tó fẹ̀ tó ínṣì 2.4 sí 2.6 dáadáa.

Ó ṣeni láàánú pé họ́ọ̀bù yín kò ní wúlò fún èyí, nítorí ihò 28 ló ní. Bí owó bá há, wọ́n lè fi sípóòkì tuntun tún un hun sórí rímù rẹ̀, bí rímù náà bá ṣì gún, yóò sì sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n fún kílò 104 lórí òkúta, 32 ni mo fọwọ́ sí. Bí ẹ bá máa ra họ́ọ̀bù, ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀, irú ibi tí gíà yín ń wọ̀ sí (HG, XD tàbí Micro Spline), àti bóyá bóòtù mẹ́fà ló di dísìkì mú tàbí òrùka kan ṣoṣo láàárín (Centerlock).

Ẹ má kàn gbé e fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ní sípánà. Wíìlì tí ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ hun burú ju ti ẹ̀rọ lọ. Ẹ bi í bóyá ó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí sípóòkì ṣe le tó, kí ẹ sì gbọ́ iye tó máa fà á dé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe rímù máa ń sọ òpin agbára tí wọ́n lè fi fa sípóòkì rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi kílò 120. Ti ọ̀tún ló yẹ kó sún mọ́ ọn. Ẹ tún bi í bóyá ó máa ń fún sípóòkì pọ̀ ní méjì méjì kó tó tún un wọ̀n, kí gbogbo ohun tó lọ́ lè tú kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mo ní màá dé orí ẹni tó fúyẹ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tó fẹ́ rímù kábọ́ọ̀nù tí kò sì rí ahunwíìlì tó ṣe é fọkàn tán nítòsí, wíìlì ilé iṣẹ́ tó dára ni kó rà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó bi ẹni tó ń tà á: ṣé sípóòkì rẹ̀ ṣe é rí rà lẹ́yọ? Wíìlì olówó gọbọi kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí sípóòkì kan péré, nítorí pé ẹni tó ṣe wíìlì náà nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń fẹsẹ̀ rìn.

Bí òmíràn bá já lójú ọ̀nà kí wíìlì tuntun tó dé, ẹ lọ́ èyí tó já náà mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kó má baà kọ́ ṣéènì tàbí bíréèkì, ẹ yí wíìlì wò bóyá rímù ń kan ibikíbi, kí ẹ sì rọra gùn ún dé ilé, láìbẹ́ sókè rárá.